Ìdọ̀tí Ni, Kì Í Ṣe Ikú

Kò sí ilé àgbà kan ní ilẹ̀ wa tí kò ní igun tí wọ́n ń kó ohun tí ó ti kú sí. Ẹ̀rọ ìránṣọ tí kò yí mọ́ wà níbẹ̀, aago ògiri tí kò lù mọ́ wà níbẹ̀, rédíò tí kò fọhùn mọ́ náà wà níbẹ̀. Bí oníkọ́ńdẹ́ẹ̀mù bá ti ọmọlanke rẹ̀ kọjá, a ó kó wọn fún un, a ó gba owó táṣẹ́rẹ́, a ó sì ní ilé mọ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ lọ́sẹ̀ yìí ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn òkú wọ̀nyí kò kú rárá. Ìdọ̀tí ni ó dì wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀.

Bàbá tí ó bí bàbá mi jẹ́ òṣómàáló, ará Iléṣà, tí ó ń ta aṣọ ní àwìn káàkiri ilẹ̀ Èkìtì. Ní ọdún 1956 ni ó ra gíramafóònù kan ní Èkó, irú alápòótí tí a ń gbé lọ́wọ́, tí àwòrán ajá tí ń tẹ́tí sí ẹnu fèrè wà nínú ìdérí rẹ̀. Kò lo iná mànàmáná, kò lo bátìrì. Ọwọ́ ni a fi ń yí i. Nígbà tí a ń tún òrùlé ilé ṣe lọ́dún tí ó kọjá, a bá a lórí àjà pẹ̀lú àwo orin mọ́kànlélógún. Oníṣẹ́ kan wò ó, ó yí ọwọ́ rẹ̀, kò yí, ó ní ó ti kú. Oníkọ́ńdẹ́ẹ̀mù dá ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà lé e, ó ní òun ń bọ̀ ní Sátidé. Gbogbo ẹbí gbà. Ìyá àgbà nìkan, tí ó ti ń lọ sí àádọ́rùn-ún ọdún, tí ojú rẹ̀ kò sì ríran dáadáa mọ́, ni ó sọ pé, “Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ohùn rẹ̀ kí ó tó lọ.” Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gbé e fún mi títí di Sátidé náà.

Ọ̀rọ̀ Ìyá nìkan kọ́ ni mo rò. Àwo tí irú ẹ̀rọ yìí ń lò ni a fi tọ́jú ohùn àwọn olórin wa àtijọ́. Ní ọdún 1922, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta kọ orin Yorùbá sínú irú àwo bẹ́ẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù fún ilé iṣẹ́ Zonophone. Àwọn bíi Àyìndé Bákàrè àti Hárúnà Ìṣọ̀lá náà kọ tiwọn lẹ́yìn náà. Púpọ̀ nínú orin irú àwo bẹ́ẹ̀ ni a kò tún tẹ̀ jáde mọ́. Bí a bá ta ẹ̀rọ gẹ́gẹ́ bí irin, kí ni a ó fi àwo ṣe? Ọmọdé á fi ṣeré, ó parí.

Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo fi ìyẹ́ adìyẹ gbá erùpẹ̀ àti ìyẹ̀ ikán kúrò. Mo tú síkúrù ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo tò wọ́n sórí bébà, mo sì kọ nọ́ńbà sí ẹ̀gbẹ́ wọn, nítorí ẹni tí ó bá tú ohun tí kò kọ sílẹ̀, síkúrù yóò ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́ nígbà tí ó bá ń tò ó padà.

Ọkàn ẹ̀rọ náà ni sípíríǹgì kan, irin pẹlẹbẹ gígùn tí a ká bí ẹní sínú agolo. Bí a bá yí ọwọ́ ẹ̀rọ, a ń ká a le ni. Bí ó bá ń tú ara rẹ̀ sílẹ̀ ni àwo ń yí. Ẹ ṣọ́ra fún un o! Ó lè fò jáde kí ó gé ènìyàn ní ìka. Ìdí nìyí tí mo fi gbé e lọ bá bàbá kan tí ń tún aago ṣe ní ọjà. Àwa méjèèjì fi aṣọ tí ó nípọn dì í mú, a ń fà á jáde díẹ̀díẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú níí ń le koko. Nígbà tí ó jáde, irin náà kò já. Gíríìsì tí wọ́n fi pa á láyé àtijọ́ ni ó gbẹ, tí ó dì bí ọ̀dà títì. A fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, a nù ún gbẹ, a fi gíríìsì tuntun pa á. Ọ̀bùn ríkú ọkọ tìrànmọ́ ni ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ náà.

Lẹ́yìn èyí ni mo kan ìjánu rẹ̀. Òjé kéékèèké mẹ́ta ni, lórí irin tẹ́ẹ́rẹ́. Bí ẹ̀rọ bá ń sáré jù, àwọn òjé náà á nà síta, wọ́n á fa irin róbótó kan lọ fara kan awọ, awọ á sì dín eré rẹ̀ kù. Mo fi òróró díẹ̀ rin awọ náà. Níbi àpótí ohùn tí abẹ́rẹ́ wà, rọ́bà etí rẹ̀ ti le bí eegun. Mo fi rọ́bà oníhò tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń lò ní ibi tí a ti ń fẹ́ táyà rọ́pò rẹ̀.

Ó ku àwo. Oje tí kòkòrò kan ń ṣe ní ilẹ̀ Íńdíà wà nínú ohun tí wọ́n fi ṣe é, sípíríìtì a sì máa yọ́ ọ. Omi àti ọṣẹ díẹ̀ ni mo lò, láìjẹ́ kí omi kan bébà àárín rẹ̀. Abẹ́rẹ́ irin kan ni fún ojú àwo kan, lẹ́yìn náà a ó pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má sì gbé àwo oníke tí ó dé lẹ́yìn wọn sórí irú ẹ̀rọ yìí, abẹ́rẹ́ rẹ̀ yóò ha á jẹ.

Ní alẹ́ Jimọ̀, mo gbé àwo kan tí kòkòrò ti jẹ bébà orúkọ rẹ̀ sí i níwájú Ìyá. Ìlù sọ, ohùn ọkùnrin kan gbà á. Ìyá tẹ́tí, ó sì ní, “Àkànní, ta ní ń lé e? Orin yìí kì í sáré báyìí. Ijó ni a fi ń jó, a kì í fi sáré.”

Mo ti bébà funfun kékeré kan bọ abẹ́ etí àwo, mo wo aago. Ẹ̀ẹ̀mẹẹ̀ẹ́dógún ni ó yí ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Ìgbà 78 ni ó yẹ kí irú àwo yìí yí ní ìṣẹ́jú kan, èyí tí í ṣe 13 ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, ọmọdé kò lè rí i bó gun igi. Mo mú ìjánu rẹ̀ le sí i títí ó fi pé 13. Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí mi orí. Ó ní orin tí wọ́n fi gba òun wọlé ọkọ nìyí. Ó sì dárúkọ obìnrin mẹ́fà tí wọ́n jó lọ́jọ́ náà, ọmọ ilé wa ni gbogbo wọn, orúkọ tí ẹnikẹ́ni nínú àwa ọmọ kò gbọ́ rí. Mo mú ìwé, mo kọ wọ́n sílẹ̀.

Nígbà tí oníkọ́ńdẹ́ẹ̀mù dé ní Sátidé, àbúrò bàbá mi, tí ó ti ń pín owó náà lẹ́nu tẹ́lẹ̀, ni ó sọ fún un pé kí ó lọ wo ilé kejì.

Ẹ̀yin òǹtajà, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ wo orí àjà yín lọ́sẹ̀ yìí. Bí ẹ bá bá ohun tí wọ́n ní ó ti kú níbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó fọ́ ọ. Kí ẹ sì pe àgbà ilé kí ó jókòó tì yín, nítorí ẹ̀rọ lè dúró dè wá lórí àjà fún ọgọ́ta ọdún. Ẹni tí ó mọ bí ó ṣe ń dún kò lè dúró bẹ́ẹ̀.