Àwòrán Tí Mo Bà Jẹ́ ní Afọ̀n

Afọ̀n tí mo ń wí yìí wà ní ilẹ̀ Yewa; òun àti Ìmẹ̀kọ ni a fi sọ Ìjọba Ìbílẹ̀ kan lórúkọ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ààlà ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ kò jìnnà síbẹ̀, nítorí náà ẹni tó ní ìyàwó ṣe ní Afọ̀n lè ní ẹbí ní Kétu lọ́hùn-ún.

Ìgbéyàwó ni mo bá lọ. Ìta gbangba ni mo ti ń yàwòrán tẹ́lẹ̀, mo sì rò pé mo ti mọ iṣẹ́ tán. Mo pẹ́ dé. Nínú gbọ̀ngàn, ojú mi rí ohun gbogbo kedere. Àṣé ojú ènìyàn a máa bá òkùnkùn mọ́ra, kámẹ́rà kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìyá àgbà ìyàwó, tí ó ti Kétu wá, dìde, ó ń jó lọ bá ọmọ-ọmọ rẹ̀. Mo fi ISO sí 400 bí mo ti ń ṣe ní ìta, mo sì fi 1/30 ìṣẹ́jú-àáyá yà á: ìyá di èéfín. Mo tan fíláàṣì láti ẹnu ọ̀nà: kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo sáré bọ́ síwájú: fèrèsé wà lẹ́yìn wọn, ojú àwọn méjèèjì dúdú bí èédú.

Nígbà tí mo kó àwòrán dé, ìyá yẹ̀ wọ́n wò títí. Ó ní, “Ọmọ mi, èwo ni èmi níbẹ̀?” N kò rí èsì fọ̀. Mo dá owó wọn padà, ṣùgbọ́n ta ni yóò dá ijó náà padà?

Ẹ jẹ́ kí àṣìṣe mi kọ́ yín lọ́gbọ́n. Ẹ tètè dé, kí ẹ yẹ iná wò kí èrò tó pé. Ẹ kọ ẹ̀yìn sí fèrèsé. Bí ènìyàn bá ń jó, ẹ lo 1/250. Ìmọ́lẹ̀ tí yóò wọlé kò ní ju ìdá kan nínú mẹ́jọ ti 1/30 lọ, nítorí náà ISO 400 gbọ́dọ̀ di 3200. Àwòrán yóò rí hàrà-hàrà díẹ̀, ṣùgbọ́n ojú yóò hàn. Bí ẹ bá sì fi ìlọ́po méjì jìnnà, ìdá kan nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ fíláàṣì ni yóò débẹ̀. Ẹ súnmọ́ wọn.

Kí n tó kúrò, mo ní kí ìyá àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mo sì yà wọ́n lọ́fẹ̀ẹ́. Ìyá wò ó, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Èyí dára, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n n kò jó nínú rẹ̀.”