Bí Ejò bá Wọ Ẹ̀yìnkùlé

Ní àwọn ilé titun tí ó wà ní etí igbó lẹ́yìn odi Ìbàdàn, eku àti ọ̀pọ̀lọ́ ni ejò ń lé bọ̀. Kì í ṣe ènìyàn ni ó ń wá. Síbẹ̀, bí bàbá ilé bá ti rí i, igi ni yóò kọ́kọ́ sáré mú. Níbi tí ó ti fẹ́ pa á gan-an ni yóò ti ṣán an. Ìyàwó rẹ̀ tí ó kó àwọn ọmọ wọlé, tí ó sì jẹ́ kí ẹranko náà bá tirẹ̀ lọ, ni ó gbọ́n jù.

Ẹni tí ejò bá ṣán kò gbọdọ̀ sáré. Kí wọ́n má sín in ní gbẹ́rẹ́, kí wọ́n má sì fi okùn di ẹsẹ̀ rẹ̀ pinpin. Ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ kíákíá. Kí wọ́n má dúró wá ejò náà kiri kí wọ́n tó gbéra.