Pẹ́pẹ́yẹ Mi àti Ará Àdúgbò

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú èdè Yorùbá tí ó pẹ́ kí n tó mọ ìtumọ̀ rẹ̀ dájú. Ọ̀rọ̀ náà ni 'sìn'. À ń sin Ọlọ́run, à ń sin ọba, bẹ́ẹ̀ náà ni à ń sin ẹran. Pẹ́pẹ́yẹ mẹ́ta ni ó jẹ́ kí n rí ohun tí ó so wọ́n pọ̀.

Ọjà Ìyánà-Ìbà ni mo ti rà wọ́n ní ọdún 2005, akọ kan àti abo méjì, nígbà tí à ń gbé ní Òkòkòmáíkò ní agbègbè Ọ̀jọ́. N kò rà wọ́n fún pípa jẹ. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ mi ní ohun ọ̀sìn tí wọn yóò máa wò ni. Dúdú àti funfun ni ìyẹ́ wọn, ẹran pupa sì yí ojú wọn ká. Irú pẹ́pẹ́yẹ yìí wọ́pọ̀ púpọ̀ nílẹ̀ Yorùbá, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti àárín àti ti gúúsù ni orírun rẹ̀. Kì í ké bí àkùkọ. Èémí ni ó máa ń fẹ́ lẹ́nu, hàà, hàà. Ìdí nìyí tí mo fi rò pé kò ní yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

Èrò mi kò rí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ rẹlẹ̀, ilé sì fún mọ́ra. Bí òjò bá rọ̀, àwọn pẹ́pẹ́yẹ mi a wọ inú gọ́tà, wọn a fi ẹrẹ̀ wẹ̀, wọn a sì gba ilé aládùúgbò lọ. Wọ́n yàgbẹ́ sí ẹnu ọ̀nà ìyá àgbà kan, wọ́n ṣá ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ rẹ̀ jẹ. Ó ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi so àwọn ẹyẹ yín mọ́lẹ̀." Ẹ̀rín ni mo rín. Ó tún wá nígbà kejì. Mo ní ẹran kò mọ ààlà. Láti ìgbà náà, kò wá mọ́, kò sì kí mi mọ́.

Ní oṣù kejì ọdún 2006, ìròyìn kàn pé àjàkálẹ̀ àrùn tí ń pa ẹyẹ ti wọ Nàìjíríà. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2007, ó pa obìnrin kan ní Èkó. Mo gbọ́ pé pẹ́pẹ́yẹ lè gbé àrùn náà kiri láìjẹ́ pé ó hàn lára rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn abo mi sì ń sàba lọ́wọ́. Ọjọ́ 21 ni adìẹ fi ń sàba. Ti irú pẹ́pẹ́yẹ yìí ń lọ sí bí ọjọ́ 35. Àwọn ọmọ mi ń fi ẹfun ka ọjọ́ sára ògiri. Ọkàn mi kò gbà kí n pa á. Ṣùgbọ́n ibi tí ẹyẹ mi ń yàgbẹ́ sí ni ọmọ-ọmọ ìyá yẹn ti ń ṣeré.

N kò rí oorun sùn lóru ọjọ́ náà. Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá tètè sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Èmi gan-an ni mo ń jẹ kòkòrò. Ìyá náà sì ti sọ fún mi lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún un. Mo ra pákó àti wáyà, mo sé àwọn ẹyẹ náà mọ́ ẹ̀yìnkùlé, mo gbé agbada omi sí i fún wọn. Èmi nìkan ni mo ń gbá a láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, mo sì ń fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Nígbà tí abo náà pamọ, ọmọ mẹ́sàn-án ni ó kó jáde. Ìyá náà dúró lẹ́yìn wáyà, ó kà wọ́n, ó ní, "Tíṣà, ẹ kú ewu ọmọ o."

Ẹ̀yin olùkọ́ ọ̀la, bí ẹ bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní orúkọ ohun ọ̀sìn, ẹ má ṣe dúró sórí orúkọ nìkan. Ẹ sọ fún wọn pé ẹni tí ó ń sin ẹran láàrin àdúgbò ń sin ará àdúgbò pẹ̀lú.