Fíríìjì Tí Bàbá Mi Gbé Bọ̀ Láti Monrovia

Lóṣù tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wá jẹun lọ́dọ̀ mi bó ṣe máa ń ṣe lọ́jọ́ Sunday. Mo gbé àmàlà àti gbẹ̀gìrì síwájú rẹ̀. Kò tíì bu òkèlè kejì tó fi sọ pé, "Àǹtí, mo fẹ́ wọṣẹ́ sójà."

Mo kọ́kọ́ rò pé ti Nàìjíríà ló ń sọ. Ó ní, "Rárá o, ti ibí ni. Ti ìlú ọba."

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni. Físà akẹ́kọ̀ọ́ ló fi wọlé. Ó ti parí ẹ̀kọ́, iṣẹ́ alẹ́ ló ń ṣe ní ilé ìkẹ́rùsí kan, ọjọ́ tí físà rẹ̀ máa pé ló sì ń kà bí ẹni ń ka owó àjọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun mọ irú kíkà yẹn. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba ọmọ orílẹ̀-èdè Commonwealth láàyè láti wọ iṣẹ́ ológun wọn, Nàìjíríà sì wà níbẹ̀. Tó bá ṣiṣẹ́ náà fọ́dún mẹ́rin, ó lè béèrè fún ìwé ìgbélùú. Ó ti ṣe ìṣirò rẹ̀ tán kó tó wá. "Àǹtí, ibi tí wọ́n bá rán mi ni màá lọ. Bàbá àgbà náà kọ́ ló lọ sí Làìbéríà ni?"

Mi ò dá a lóhùn. Fíríìjì kan ló sọ sí mi lọ́kàn.

Sójà ni bàbá mi. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí lọ́dún 1990, bárékè kan ní Ìbàdàn la sì ń gbé. Ogun ti bẹ́ sílẹ̀ ní Làìbéríà láti oṣù Kejìlá ọdún 1989, nígbà tí Charles Taylor àti àwọn ènìyàn rẹ̀ gba ẹnubodè Ivory Coast wọlé. ECOWAS kó ọmọ ogun jọ láti Nàìjíríà, Gánà, Guinea, Sierra Leone àti Gáḿbíà, wọ́n pè wọ́n ní ECOMOG, wọ́n ní kí wọ́n lọ ṣọ́ àlàáfíà. Ọjọ́ 24 oṣù Kẹjọ ni wọ́n gúnlẹ̀ sí èbúté Monrovia. Kò sì sí àlàáfíà kankan nílẹ̀ tí wọ́n fẹ́ ṣọ́. Wọn ò tíì lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta níbẹ̀ tí àwọn ọmọ ogun Prince Johnson fi mú ààrẹ ìlú, Samuel Doe, nínú ọgbà ECOMOG gan-an, tí wọ́n sì lọ pa á.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n kó bàbá mi lọ. Ní bárékè wa, àwọn ìyá máa ń jókòó yí rédíò ká lálẹ́. Ẹnikẹ́ni kì í bi ara wọn pé kí ni Làìbéríà ṣe fún wa. Ohun tí wọ́n ń bi ara wọn ni pé, ta ni wọ́n tún dárúkọ?

Bàbá mi bọ̀ lọ́dún 1993. Ọkọ̀ akẹ́rù sójà ló gbé e wá, fíríìjì funfun kan sì wà lẹ́yìn ọkọ̀ náà. Fíríìjì wa àkọ́kọ́ nìyẹn. Àwọn ọmọ bárékè ń tò lẹ́yìn ilé wa kí wọ́n lè rí yìnyín jẹ. Ìyá mi fi í ta omi tútù àti sóbò, owó ọ̀hún ló sì fi san owó ilé ìwé mi títí mo fi jáde girama. Tí mo bá ní fíríìjì yẹn wà nínú ohun tó gbé mi dé Lọ́ńdọ̀nù, mi ò parọ́.

Ìtàn kan ṣoṣo ni bàbá mi máa ń sọ nípa Làìbéríà. Ó ní ìyá arúgbó kan wà nítòsí ibi tí wọ́n ti ń dá ọkọ̀ dúró. Ilé ìyá náà ò ní òrùlé mọ́, ṣùgbọ́n láràárọ̀ ló ń gbálẹ̀ iwájú rẹ̀. Bàbá mi máa ń fún un ní ìrẹsì, òun náà á sì bu omi fún bàbá mi mu. Ó tán. Tí táyà ọkọ̀ bá bẹ́ lójú títì, bàbá mi á ti dojú bolẹ̀ kí àwa tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Kò sọ ìdí, a ò sì bi í.

Ọdún 2014 ló kú. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí èmi àti obìnrin ará Làìbéríà kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ òru pa pọ̀, à ń tọ́jú àwọn arúgbó. Lálẹ́ ọjọ́ tó gbọ́ pé bàbá mi ṣe ECOMOG, ó dìde, ó dì mọ́ mi. Ó ní, "Bí kì í bá ṣe àwọn bàbá yín ni, èmi ò bá ti kú." Ó ní ewé inú igbó làwọn ń jẹ kí ọkọ̀ ìrẹsì tó dé. Inú mi dùn débi pé mo sunkún.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, bá a ṣe ń mu tíì, ó tún sọ òmíràn. Ó ní àwọn kan tó wọ aṣọ ogun wá sílé ìyá òun lọ́sàn-án gangan, wọ́n kó bẹ́ẹ̀dì, wọ́n kó tẹlifíṣọ̀n, wọ́n gbé fíríìjì. Kò sọ irú aṣọ ogun tó jẹ́. Aṣọ ogun pọ̀ ní Monrovia nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó gbé ìlú náà ló mọ ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n fi lẹ́tà ECOMOG ṣe, pé ìtumọ̀ rẹ̀ ni "gbogbo ọkọ̀ àti ohunkóhun tó bá ń rìn, ó ti lọ." Òun fúnra rẹ̀ fi rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo wá lọ sí ilé ìwẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn, mo jókòó síbẹ̀.

Mi ò bi í pé àwọ̀ wo ni fíríìjì ìyá rẹ̀. Bàbá mi tí mo lè bi ti kú.

Láti ìgbà yẹn, tí mo bá gbọ́ lórí ìròyìn pé ìlú kan fẹ́ kó sójà lọ gba ìlú mìíràn là, ohùn méjì ni mò ń gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà: "èmi ò bá ti kú" àti "wọ́n gbé fíríìjì." Ẹnu obìnrin kan náà ni méjèèjì ti jáde. Òótọ́ sì ni méjèèjì.

Ẹ jẹ́ n mú yín padà sí ọdún 2003. Mi ò tíì pé ọdún kan ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà yẹn. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kejì, mò ń bọ̀ láti ọ́fíìsì tí mo ti ń nulẹ̀, bọ́ọ̀sì wa ò lè kọjá. Èrò tó ń lọ sí Hyde Park kún títì bámúbámú, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ ogun Ìráàkì. Mi ò rí irú èrò bẹ́ẹ̀ rí. Mo pe bàbá mi lálẹ́, mo ní, "Bàbá, ogun yẹn ò ní wáyé mọ́ o, gbogbo ìlú ló jáde." Ó rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, sójà tí wọ́n ti kó dé ẹnubodè, tí wọ́n ti kó oúnjẹ rẹ̀ dé, á wọlé." Ọjọ́ 20 oṣù Kẹta ni wọ́n wọlé.

Ohun ìjà olóró tí wọ́n torí ẹ̀ lọ, wọn ò rí i. Nínú oṣù Karùn-ún, Amẹ́ríkà tú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ìráàkì ká, ọ̀kẹ́ àìmọye ọkùnrin tó mọ ìbọn yìn sì délé láìríṣẹ́. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí yóò tìdí ẹ̀ yọ. Lọ́dún 2016, ìgbìmọ̀ Chilcot, tí ìjọba ibí fúnra wọn gbé kalẹ̀, sọ pé wọn ò tíì gbìyànjú gbogbo ọ̀nà àlàáfíà tán kí wọ́n tó lọ. Àwọn ará ibí tó bá ogun náà lọ, tí wọ́n jẹ́ sójà tàbí òṣìṣẹ́ ológun, 179 ló kú níbẹ̀. Ti àwọn ará Ìráàkì, wọ́n ṣì ń jiyàn lórí iye rẹ̀ títí dòní. Òkú àlejò níye, òkú onílé ò níye.

Ọdún 2003 yẹn kan náà, ogun tún ti dé Monrovia. Àwọn obìnrin Làìbéríà, Krìstẹ́nì àti Mùsùlùmí, wọ aṣọ funfun, wọ́n jókòó sí pápá lẹ́bàá ọjà ẹja, lóòrùn lójò. Leymah Gbowee wà lára àwọn tó ṣáájú wọn. Nígbà tí àwọn olórí ogun lọ jókòó sí Accra lórúkọ ìpàdé àlàáfíà, tí ìpàdé ò sì lójútùú, àwọn obìnrin kan bá wọn lọ débẹ̀. Lóṣù Keje, wọ́n jókòó dí ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ìpàdé, wọ́n ní ẹnì kan ò ní jáde. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ, hẹlikópútà gbé sójà Nàìjíríà dé. Lọ́jọ́ 11, Taylor kúrò nílùú, ó gba Calabar lọ. Lọ́jọ́ 18, wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà. Taylor ṣì wà lẹ́wọ̀n ọdún 50 nítorí ipa tó kó nínú ogun Sierra Leone, ẹ̀wọ̀n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí ni wọ́n sì fi í sí.

Sójà dá ìbọn dúró, mi ò ní jiyàn. Ṣùgbọ́n ECOMOG ti dá ìbọn dúró níbẹ̀ rí, ogun sì tún padà wá. Ohun tó yàtọ̀ lẹ́ẹ̀kejì ni àwọn tó mọ ìyá ẹni tó gbé ìbọn, tí wọ́n sì máa jọ ná ọjà kan náà pẹ̀lú rẹ̀ lọ́la. Wọn ò ní bàálù tó máa gbé wọn lọ tí ọ̀rọ̀ bá dàrú.

Ẹ má sọ pé mo ní kí sójà kankan má lọ síbì kankan mọ́ o. Ní Rùwáńdà lọ́dún 1994, ṣe ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dín sójà wọn kù nígbà tí wọ́n ń pa ènìyàn. Láàárín nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọjọ́, ẹ̀mí tí wọ́n fojú bù sí 800,000 ti lọ. Ẹni tó jókòó wòran náà ò lọ́wọ́ mímọ́.

Àwa náà kúkú mọ̀ ọ́n. Ìmẹ̀sí-Ilé ni ìlú bàbá mi, ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣàdéhùn láti parí ogun Kírìjì lọ́dún 1886, lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án tí Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ ti ń ṣu ìbọn bora wọn. Gómìnà Gẹ̀ẹ́sì tó wà l'Ékòó ló rán oníṣẹ́, ṣùgbọ́n àwọn oníwàásù Yorùbá, Samuel Johnson àti Charles Phillips, ló ń rìn láàárín àgọ́ méjèèjì. Wọ́n gbọ́ èdè, wọ́n mọ oríkì, wọ́n mọ ẹni tí wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kí. Síbẹ̀ àwọn ọmọ ogun ò tú ká tán títí di 1893. Láàárín ìgbà yẹn, alágbàtà ti di onílé: 1892, Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọn, 1893, Ìbàdàn bọ́ sábẹ́ wọn, 1895, wọ́n yin àgbá sí Ọ̀yọ́. Ogun parí lóòótọ́. Àwọn bàbá ńlá wa sùn lóru. Nígbà tí wọ́n jí, ilé ti lólúwa mìíràn.

Nítorí náà, bí ẹ bá bi mí bóyá àlàáfíà lè wà láyé yìí, màá ní ó lè wà, ṣùgbọ́n mi ò ní wò ó lọ́wọ́ sójà. Sójà lè ṣí ọ̀nà. Ẹni tó ń gbálẹ̀ iwájú ilé tí kò lórùlé ni mo máa wò, kí n mọ̀ bóyá wọ́n pè é sípàdé.

Lóru Sunday yẹn, lẹ́yìn tí ọmọ náà lọ, mo pe ìyá mi. Fíríìjì ọ̀hún ṣì wà nínú yàrá rẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Ó ti pẹ́ tó ti kú, èlùbọ́ ló ń kó sínú rẹ̀ kí eku má baà jẹ ẹ́. Mo ní, "Màámi, níbo ni bàbá ti rí fíríìjì yẹn?"

Ó dákẹ́ pẹ́. Mo rò pé fóònù ti já.

Ó ní, "Ó ní òun rà á." Ó tún dákẹ́. "Owó ilé ìwé yín ni mò ń wá nígbà yẹn. Mi ò bi í lẹ́ẹ̀mejì."

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi padà wá lọ́jọ́ Sunday kejì. Ó kó fọ́ọ̀mù dání, ó fẹ́ kí n bá a wò ó bóyá ó kọ ọ́ dáadáa. Mo ní kó kọ́kọ́ jókòó. Mo sọ gbogbo ohun tí mo kọ síbí fún un: ìyá arúgbó, ìrẹsì, ẹ̀fẹ̀ ECOMOG, àti fíríìjì. Mi ò ní kó má lọ. Físà rẹ̀ ń tán lọ, mi ò sì ní òmíràn tí mo fẹ́ fún un. Mo kàn ní, níbikíbi tí wọ́n bá rán an dé, kó rántí pé ilé onílé ni, àti pé lọ́jọ́ kan, ọmọ rẹ̀ lè pàdé ọmọ onílé lẹ́nu iṣẹ́ òru.

Ó wo fọ́ọ̀mù náà pẹ́. Ó ká a, ó fi sápò. Kò sọ pé òun ò lọ mọ́, kò sì sọ pé òun ń lọ. Ó ní, "Àǹtí, ẹ bá mi bu omi." Mo ṣí fíríìjì mi, mo bu omi tútù fún un.