Láti 211 Lọ sí 57

Ẹni tó bá ń wọ ọkọ̀ ojú irin Metra láti Matteson lọ sí àárín gbùngbùn Chicago á ti ṣàkíyèsí pé nọ́ńbà làwọn ibùdókọ̀ kan ń jẹ́. 211th Street ni tiwa. Bí ọkọ̀ bá ṣe ń forí lé àríwá ni nọ́ńbà ń wálẹ̀: 147th, 115th, títí dé 57th, nítòsí Yunifásítì Chicago. Inú ọkọ̀ yẹn ni mo ti rí ọmọ àbúrò mi, ọmọ tí wọ́n ní ó kórìíra ìṣirò, tó ń ṣe àyọkúrò láìsí ẹni tó rán an níṣẹ́.

Ọmọ yìí kan náà ni, bí wọ́n bá ní kó gbé iṣẹ́ àṣetiléwá jáde, inú á bẹ̀rẹ̀ sí í run ún. Á gbẹ́ pẹ́ńsù, á tún un gbẹ́, á ní òùngbẹ ń gbẹ òun. Lálẹ́ ọjọ́ kan, 52 yọ 17 ló wà níwájú rẹ̀. Ó fa ìlà gbọọrọ, ó fò láti 17 dé 20, ó kọ 3. Láti 20 dé 50, ó kọ 30. Ó ku 2 kó dé 52. Ó ro ó pọ̀, ó kọ 35. Ìyá rẹ̀ wo ìlà náà bí ẹni rí kòkòrò nínú ọbẹ̀. “Kí lèyí? Méje ò ṣe é yọ nínú méjì, yá ọ̀kan!” Ló bá fi ìrésà nu gbogbo rẹ̀ títí bébà fi ya. Ó yá ọ̀kan tán, 35 náà ló tún kọ síbẹ̀.

Nígbà tọ́mọ ti lọ sùn, mo sọ fún ìyá rẹ̀ pé, “Ìwọ tó jẹ́ pé mẹ́tàdínlógún lo ti ń pe 17 láti kékeré, ṣebí mẹ́ta tó dín lára ogún náà lọmọ kọ́kọ́ rí.” Ó dáhùn pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, Amẹ́ríkà ti bà yín jẹ́.”

N kò bá a wí púpọ̀. Ẹgba ni wọ́n fi kọ́ àwa méjèèjì ní ìsọdipúpọ̀; ẹni tó bá ṣì í, olódo ni. A mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù rẹ̀ kò kúrò lára wa, ó sì máa ń ràn. Ní 2015, Erin Maloney, Sian Beilock àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Chicago gbé ìwádìí jáde lórí àwọn ọmọ kíláàsì kìíní àti ìkejì. Bí òbí tó ń bẹ̀rù ìṣirò bá ń ran ọmọ lọ́wọ́ lemọ́lemọ́ lórí iṣẹ́ àṣetiléwá, ohun tọ́mọ náà ń kọ́ lọ́dún máa ń dín kù, ìbẹ̀rù tirẹ̀ náà á sì máa pọ̀. Bí irú òbí bẹ́ẹ̀ kò bá fi bẹ́ẹ̀ dá sí i, àkóbá náà kò hàn. Lọ́dún yẹn kan náà, ìwádìí mìíràn láti ibẹ̀ fún àwọn ìdílé ní tábúlẹ́ẹ̀tì tó ní ìtàn kéékèèké tí ìṣirò wà nínú rẹ̀, kí òbí àtọmọ jọ máa kà á. Àwọn ọmọ tí òbí wọn ń bẹ̀rù ìṣirò ló jèrè jù. Kò sí máàkì níbẹ̀, kò sí ìrésà.

Ohun tí ọkọ̀ ojú irin ṣe fún tiwa nìyẹn. Mo kàn sọ fún un pé òpópónà bíi mẹ́jọ ló ń ṣe máìlì kan, mo sì panu mọ́. Ká tó dé Harvey, ó ní, “Àǹtí, láti 211 dé 147, máìlì mẹ́jọ ni.” Mo bi í pé báwo ló ṣe rí i. “Láti 147 dé 150, mẹ́ta. Ó di 200, àádọ́ta. Ó ku mọ́kànlá. 64 nìyẹn, mo wá pín in sí mẹ́jọ mẹ́jọ.” Ìlà tí wọ́n nù dànù lọ́jọ́sí náà ni! Bó gbà á bí kò gbà á, mo máa ń béèrè bó ṣe rí i. Bó bá jẹ́ ìgbà tó bá ṣì í nìkan ni mò ń béèrè, kí n tó lanu ni ara rẹ̀ á ti bù máṣọ.

Ìyá rẹ̀ ló kù. Òun ni akápò ẹgbẹ́ wọn, orí ló fi ń ṣírò àjọ gbogbo wọn, kò sì sẹ́ni tó tíì já a nírọ́ rí. Síbẹ̀, lójú ọmọ, á ní, “Orí tèmi ò gba ìṣirò o.” Mo ní kó jẹ́ kí ọmọ jókòó tì í nígbà tó bá ń pín àjọ. Ó ní ọ̀rọ̀ owó olówó kì í ṣe fún etí ọmọdé. A ṣì ń fà á.