Ta ló kan ọkọ̀ ojú irin inú páálí?

Àwọn kan máa ń sọ pé ẹni tó bá ra ọkọ̀ ojú irin kékeré nínú páálí, èyí tó ń fi ooru omi rìn ní tòótọ́, tó sì tò ó, kò kan nǹkan kan. Wọ́n ní ilé iṣẹ́ ti gé irin, wọ́n ti lu ihò sí i, ó ku kéèyàn máa dè é ní bóòtù. Ẹ gbà mí o, télọ̀ wo ló ń hun aṣọ kó tó rán an?

Ẹ wo àwọn ẹsẹ̀ rẹ̀. Ti ọ̀tún àti ti òsì gbọ́dọ̀ fi ìdá mẹ́rin ìyípo ju ara wọn lọ, kó lè jẹ́ pé bí pístìn kan bá dé òpin ibi tí kò ti lágbára mọ́, èkejì wà láàárín, ó ń ti ọkọ̀ lọ. Bó bá yẹ̀ díẹ̀ báyìí, ọ̀pá tó so ẹsẹ̀ pọ̀ á há, ọkọ̀ á máa tiro. Páálí lè kó ọ̀pá wá, kò lè kó ọwọ́ wá.

Ẹ óò ní ìkòkò omi rẹ̀ ńkọ́? Òótọ́ ni, ilé iṣẹ́ bíi Roundhouse ní Doncaster, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti jó ìkòkò bàbà tiwọn pọ̀, wọ́n sì ti dán an wò kó tó jáde. Ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Omi tó bá di ooru ń fẹ̀ tó ìlọ́po 1,600. Ìyẹn kì í ṣe ohun tí à ń fi kọ́ṣẹ́.

Ẹni tó wá gé gbogbo irin fúnra rẹ̀, àmọ́ tó ra ìkòkò, ṣé òun náà ò kan nǹkan kan?