Télọ̀ àti Bátìrì Ọkọ̀ Rẹ̀

Àwọn àgbà a máa wí pé àìsàn ni a ń wò, a kì í wo ikú. Ọ̀rọ̀ yìí bá ènìyàn mu, ó sì bá ẹran ọ̀sìn mu; ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ yóò rí i pé ó bá bátìrì ọkọ̀ mu pẹ̀lú. Bátìrì tí ó rẹ̀ ṣeé tọ́jú. Èyí tí ó ti kú, pípààrọ̀ ni. Ibi tí ìṣòro wà ni láti mọ ìgbà tí àìsàn fẹ́ di ikú. Ẹni tí ó bá yára jù yóò fi owó ṣòfò. Ẹni tí ó bá lọ́ra jù lè fi ohun tí ó ju owó lọ ṣòfò. Télọ̀ kan wà ní ìlú Ọ̀yọ́ tí ó ṣe àṣìṣe méjèèjì kí ó tó gbọ́n.

Ọkùnrin yìí kì í ṣe ẹni tí ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú nǹkan. Bí ó bá ti jí ní òwúrọ̀, téèpù ni ó kọ́kọ́ ń gbé kọ́ ọrùn, kò sì ní bọ́ ọ kúrò níbẹ̀ títí di alẹ́. Kò sí aṣọ tí í gé láìwọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀rọ̀ tí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ sì ń gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ lójoojúmọ́ ni pé, “Ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó gé e. Àlùmọ́gàjí kì í tọrọ àforíjì.” Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ kì í mú kí ó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ọkùnrin tí ń fi téèpù wọn èjìká gbogbo ìlú kò wọn ohun kan rí nínú ọkọ̀ tókúnbọ̀ tí ó fi ń gbé aṣọ lọ fún àwọn oníbàárà, tí ó sì fi ń gbé àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó wọ inú ọkọ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́, ohun tí ó gbọ́ kò ju “tẹ́” lọ. Ó tún un yí. “Tẹ́” náà ni. Aládùúgbò rẹ̀ kan tí ń kọjá lọ dúró, ó mi orí, ó ní bátìrì ti kú. Télọ̀ kò bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn mọ́. Ó ránṣẹ́ pe ẹni tí ń ta bátìrì, ó san owó gọbọi, ó sì fi ti àtijọ́ tọrẹ ní iye tí kò tó nǹkan. Ọkọ̀ dáhùn, inú gbogbo wọn dùn.

Kò pé oṣù méjì lẹ́yìn èyí tí ọkọ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í ké “tẹ́”. Lọ́tẹ̀ yìí, ó pe ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń tún iná ọkọ̀ ṣe, irú àwọn tí a ń pè ní rìwáyà. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ṣí ojú ọkọ̀, ó fi ọwọ́ mi irin tí ó so wáyà mọ́ orí bátìrì, irin náà sì ń mì jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀. Ohun kan tí ó funfun bí eérú, tí ó ní àwọ̀ ewé díẹ̀, ti bo gbogbo rẹ̀. Ó kọ́kọ́ tú wáyà dúdú, lẹ́yìn náà ni ó tú wáyà pupa. Ó da omi gbígbóná sí orí bátìrì àti àwọn irin náà, ó fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ̀ wọ́n mọ́, ó nù wọ́n gbẹ, ó dè wọ́n padà gírígírí, ó sì fi wáyà dúdú ṣe ìkẹyìn. Nígbà tí a yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ bú ramúramù.

“Bàbá,” ni rìwáyà wí, “ẹ má bínú o. Ó jọ pé bátìrì yín ti àkọ́kọ́ kò kú. Ìdọ̀tí ni kò jẹ́ kí iná rẹ̀ ráyè kọjá.”

Ọ̀rọ̀ yìí dun télọ̀ wọra. Kò dárí ji ẹni tí ó tà á fún un, kò sì dárí ji ara rẹ̀. Ó búra pé láéláé, ẹnikẹ́ni kò ní fi ẹnu dùn-ún tan òun ra bátìrì mọ́, bí kò ṣe pé òun fi ojú ara òun rí i pé èyí tí òun ní ti kú fin-ín-fin-ín. Bí ẹni tí ejò bù jẹ rí ṣe ń sá fún ekòló, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ń sá fún ọ̀rọ̀ bátìrì. Kò mọ̀ pé ó ti inú kòtò kan jáde, ó sì dorí kọ èkejì.

Ó yẹ kí a mọ ohun tí bátìrì jẹ́ kí a lè mọ ìdí tí í fi ń darúgbó. Ará Faransé kan, Gaston Planté, ni ó kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ ní ọdún 1859. Nígbà tí àwọn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kọ́kọ́ jáde, irin ni awakọ̀ fi ń yí ẹ́ńjìnnì láti iwájú ọkọ̀, irin náà a sì máa ta padà ṣẹ́ ènìyàn lápá. Ní ọdún 1912 ni ilé-iṣẹ́ Cadillac ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọkọ̀ tí iná bátìrì ń yí ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ohun tí Charles Kettering ṣe. Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ tí ó wúwo jù lọ ní òwúrọ̀ ti bọ́ sí ọrùn bátìrì.

Yàrá mẹ́fà ni ó wà nínú àpótí bátìrì. Yàrá kọ̀ọ̀kan ń mú agbára tí ó lé díẹ̀ ní fóòlítì 2 wá. Àpapọ̀ wọn sì ni a ń pè ní fóòlítì 12. Nínú yàrá kọ̀ọ̀kan, àwọn pẹlẹbẹ òjé dúró nínú ásíìdì tí a fi omi là. Bí bátìrì bá ń fúnni ní iná, nǹkan funfun kan a máa dì mọ́ ara òjé. Bí ẹ́ńjìnnì bá sì ń dá agbára padà fún un, nǹkan náà a tún yọ́ padà sínú ásíìdì. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, díẹ̀ nínú rẹ̀ a gan mọ́ ara òjé, kò sì ní yọ́ mọ́, pàápàá bí a bá ń fi bátìrì sílẹ̀ láìkún. Òjé fúnra rẹ̀ a sì máa rẹ̀ dànù wẹ́wẹ́. Ooru ni ọ̀tá rẹ̀ tí ó burú jù. Ní ilẹ̀ olóoru bíi tiwa, bátìrì tí ó bá lo ọdún mẹ́ta ti gbìyànjú, nígbà tí irú rẹ̀ lè lo ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ilẹ̀ tí ó tutù.

Nígbà tí bátìrì télọ̀ wọ ọdún kẹrin, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣẹ́. Ní òwúrọ̀, ẹ́ńjìnnì a máa fà bí arúgbó tí ń gun òkè kí ó tó dáhùn. Aago inú ọkọ̀ a máa padà sí ìbẹ̀rẹ̀ bí ẹni pé ọjọ́ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ rí. Ẹ̀gbẹ́ àpótí bátìrì wú síta bí ikùn ẹni tí ó yó. Láàárín oṣù kan, ẹ̀ẹ̀mẹta ni aládùúgbò fi wáyà yá a ní iná láti ara ọkọ̀ tirẹ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀ àgbà, tí ó ń múra ìdánwò ìwọlé sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga nígbà náà, kò lè dákẹ́ mọ́.

“Bàbá mi,” ni ó wí, ó sì kúnlẹ̀, “ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí wọ́n bá wa wo bátìrì yìí kí ọjọ́ ìdánwò tó pé.”

“Ọmọ mi,” ni bàbá dá a lóhùn, “ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ohun tí kò tíì kú, a kì í sin ín.”

Ìbàdàn ni a gbé ìdánwò náà fún un, ìrìn nǹkan bí 50 kìlómítà. Aago méje òwúrọ̀ ni a ní kí gbogbo olùdánwò ti wà ní ẹnu ọ̀nà. Ní aago márùn-ún, nígbà tí òkùnkùn ṣì bo ilẹ̀, bàbá àti ọmọ wọ inú ọkọ̀. Bàbá yí kọ́kọ́rọ́. Iná iwájú rẹ̀ pọ́n díẹ̀ bí ojú ẹni tí oorun ń kùn, lẹ́yìn náà ó kú. Ọkọ̀ kò tilẹ̀ ké “tẹ́”.

Aládùúgbò tí í máa yá a ní iná ti rìnrìn àjò. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò jáde pẹ̀lú ìfẹ́, wọ́n di ẹ̀yìn ọkọ̀ mú, wọ́n tì í, wọ́n làágùn, asán ni. Ọkọ̀ tí ń yí jíà fúnra rẹ̀ ni, kò ní ibi tí awakọ̀ ti ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì. Nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, táyà kò lè yí ẹ́ńjìnnì tí kò bá ṣiṣẹ́. Bí ogún ọkùnrin tilẹ̀ tì í dé Ìbàdàn, táyà nìkan ni yóò máa yí. Nígbà tí wọ́n fi sá dé ibùdókọ̀, tí ọkọ̀ èrò fi kún, tí sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ fi jẹ́ kí wọ́n kọjá ní Mọníyà, ìdánwò ti bẹ̀rẹ̀, ẹnu ọ̀nà sì ti di títì. Ọmọbìnrin náà di irin ẹnu ọ̀nà mú, ó ń wo inú. Ọdún kan gbáko ni yóò dúró kí ó tó lè tún irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ ṣe.

Kò bú bàbá rẹ̀, kò sì ráhùn. Bí ó bá ráhùn, ìbá sàn fún bàbá. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, télọ̀ jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ láìrán nǹkan kan. Ó mọ iye tí bátìrì jẹ́. Ṣùgbọ́n kò mọ iye tí ọdún kan jẹ́ nínú ayé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún.

Ní ọjọ́ kejì, ó ní kí a pe ẹni tí ń ta bátìrì. Àfi bí ọmọ náà ti gbé ohùn jẹ́jẹ́ jáde pé, “Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, aṣọ ni ẹ máa ń wọ̀n kí ẹ tó gé e. Ẹ jẹ́ kí a wọn èyí náà.” Bàbá wò ó títí, ó sì ránṣẹ́ sí rìwáyà dípò.

Rìwáyà mú mítà ìwọnná wá, ó sì kọ́ ọmọbìnrin náà ní bí a ti ń lò ó. “Bí ọkọ̀ bá sùn mọ́jú,” ni ó wí, “kí a tó fi ọwọ́ kan nǹkan nínú rẹ̀, ẹ wọ̀n ọ́n. Bátìrì tí ó kún yóò fi nǹkan bí 12.6 hàn. Bí ó bá jẹ́ 12.2, ó ti dé ìdajì. Bí ó bá jẹ́ 12.0 tàbí kí ó rẹlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, ó ti ṣófo tán. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì dá a lẹ́jọ́. Bóyá ebi ni ó ń pa á. Ẹ ṣáájì rẹ̀ kí ó kún, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Bí ó bá tún ti lọ sílẹ̀ láìsí ohun tí ń mu iná rẹ̀, ara rẹ̀ ni kò gbà á mọ́. Ẹ tún wò ó nígbà tí ẹnì kan bá ń yí kọ́kọ́rọ́: bí ó bá já wálẹ̀ ju 9.6 lọ, kò lágbára iṣẹ́ mọ́. Bí ẹ́ńjìnnì bá sì ti ń ṣiṣẹ́, ó yẹ kí mítà fi nǹkan bí 14 hàn. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ tí ń bọ́ bátìrì ni ẹ ó tún ṣe, nítorí pé bátìrì tuntun pàápàá yóò kú sọ́wọ́ rẹ̀.”

Wọ́n ṣe gbogbo rẹ̀. Ẹ̀rọ tí ń bọ́ bátìrì kò ní àléébù, orí bátìrì sì mọ́. Ṣùgbọ́n bátìrì tí wọ́n ṣáájì ní ìrọ̀lẹ́ ti padà sí 11.8 ní òwúrọ̀. Nígbà náà ni télọ̀ rà á láìkùn sínú. Ó yẹ ọjọ́ tí a ṣe bátìrì tuntun wò kí ó tó sanwó. Ó dá ti àtijọ́ padà fún ẹni tí ń tà á, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da ásíìdì rẹ̀ sílẹ̀, nítorí májèlé ni òjé, a sì máa ba ọpọlọ àwọn ọmọdé jẹ́. Ọmọbìnrin rẹ̀ fi ìdà kọ ọjọ́ náà sí ara àpótí, ó sì ń wọn bátìrì náà ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọ̀ọ̀kan, ó ń kọ ọ́ sínú ìwé pélébé kan.

Ọjọ́ ìdánwò ọdún kejì pé. Ní aago márùn-ún òwúrọ̀, bàbá yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì sì dáhùn kí ó tó yí i tán. Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà nígbà tí àwọn olùṣọ́ ṣì ń ṣí i. Ọmọ náà wọlé. Bàbá dúró sí abẹ́ igi níta, téèpù rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, nítorí pé kò rántí bọ́ ọ.

Ẹni iwájú tí ó jìn sí kòtò kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ń ka ìtàn yìí rántí pé ohun tí ó ti ń darúgbó yóò kọ́kọ́ ránṣẹ́. Kí a má ṣe fi ìbẹ̀rù dá a lẹ́jọ́, kí a má sì ṣe fi agídí dá a sí. Kí a wọ̀n ọ́n. Bí ọdún rẹ̀ àti òṣùwọ̀n bá sì jọ jẹ́rìí pé àkókò tó, kí a pààrọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ tí a fúnra wa yàn, kí òun má baà yan ọjọ́ fún wa.